Ọrùn Prosper Ò Jẹ́ N Rílé Ọkọ

Ẹ bá mi bi Prosper, àfẹ́sọ́nà mi, irú ọrùn wo ló gbé wáyé? Kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ ní Àkúrẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ọdún kejì rèé tí ọrùn ti ń dùn ún. Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń yí, bí ẹni ń yí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ tí mo mú un wá sílé wa ní Atosin, ní Ìdànrè, ni wàhálà dé. Bàbá mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó, wọ́n ń retí ìdọ̀bálẹ̀. Prosper tẹ̀ díẹ̀, ọrùn há, ó ké "Yéè!", ó wá fọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Joanna," Bàbá ní, "ẹni tí ò lè dọ̀bálẹ̀ ò lè fẹ́ ọmọ mi."

Mo sunkún, mo bínú. Mo fẹ́ràn òmùgọ̀ yìí! Mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú iṣan. Ìyẹn tẹ èjìká rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Èjìká yín ò lágbára, ọrùn wá ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ máa dojú bolẹ̀, kí ẹ fọwọ́ ti ara yín sókè, kí ẹ tún rọra sọ̀ kalẹ̀."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dojú bolẹ̀, kò lè dìde mọ́. Èmi ni mo fà á. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Nígbà tó yá, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

A padà sí Atosin. Prosper nà gbalaja! Bàbá ń mu tíì wọn lọ, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àṣà sì ti mọ́ ọn lára: ó fọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, ó balẹ̀, ó tún gòkè, ó tún balẹ̀.

"Ó tó! Dìde!" Bàbá pariwo. "Ìdọ̀bálẹ̀ kan ṣoṣo ni mo béèrè, o ti bá gbogbo ìdílé rẹ ṣe tiwọn!"

Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá ṣàlàyé pé ìtọ́jú ọrùn ni. Bàbá fọwọ́ pa ọrùn tiwọn.

"Tèmi náà ń dùn mí o. Báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Kí n tó lanu, wọ́n ti dojú bolẹ̀ níwájú Prosper tó dúró gbagidi, tó ń sọ pé, "Ẹ rọra, sà."

Ìyá mi gbé iyán wọlé láti kíṣìnnì. Wọ́n wo ọkọ wọn nílẹ̀, wọ́n wo Prosper lóòró.

"Bàbá Joanna! Ṣé àwa la wá ń bẹ̀ ẹ́ kó bá wa fẹ́ ọmọ wa ni?"

Bàbá ò lè dìde.

"Kó máa fẹ́ ẹ lọ! Ẹ ṣáà gbé mi!"

Prosper ló gbé wọn.