Bàtà Onígi Léfòó Lẹ́nu Ọ̀nà

Làmídì ọ̀rẹ́ mi, ìgbà tí mo rí bàtà onígi wa tó léfòó lẹ́nu ọ̀nà ni mo mọ̀ pé omi ti dé. Lójú àlá àná, èmi, ìyàwó mi àti Dúpẹ́ ọmọ wa lọ ṣeré ní ọgbà ìgbafẹ́ kan tí wọ́n kọ́ bí abúlé Họ́láńdì àtijọ́. Wọ́n fún wa ní bàtà onígi. A bọ́ ọ sílẹ̀ ká tó wọlé ìyá arúgbó Òyìnbó kan, bí a ti ń ṣe nílé.

Látìgbà tí odò ti gbé ilé wa lọ, o mọ̀ pé mi ò fọkàn tán omi. Mo ní, "Dúpẹ́, dìde." Ó ń jẹ wàràkàṣì tí ìyá náà fún un lọ.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ jókòó jàre. Ẹ ò lè rí omi kẹ́ ẹ má sá."

Òyìnbó arúgbó náà fi Yorùbá sọ pé, "Bàbá Dúpẹ́, fọkàn balẹ̀. Ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí níta ń fa omi náà jáde."

Mo di apá Dúpẹ́ mú. Kí n tó mí, ó ti di ọjọ́ kẹta, a ṣì jókòó.

Ìyá náà ní, "Ó tán. Fọwọ́ kan ilẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo jí. Àtẹ́lẹwọ́ mi wà nílẹ̀ yàrá wa.

Ìyàwó mi ní, "Kí lẹ ń wá?"

Mo ní ilẹ̀ gbẹ.