Àpò Mọ́kànlá Nínú Kóòtù Frederick

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni Ernest lò ní London. Ọdún 1974 ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e lọ. Ó sì ti fi ọdún mọ́kànlá ròyìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, kò tíì tán. Bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò Pórógun bá ti mẹ́nu ba òkè òkun, Ernest á ti jókòó, á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀."

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà Helen dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, pé òun ti bí ọmọkùnrin ní London, pé kí màmá òun wá bá òun wẹ ọmọ, Ernest ló kọ́kọ́ dé ilé Rachel, kí inú obìnrin náà tó dùn tán. Rachel ni ìyá Helen. Tíṣà ni ní Ayépé kó tó fẹ̀yìn tì. Frederick, ẹ̀gbọ́n Ernest, ni ọkọ rẹ̀, ó sì ti di olóògbé láti ọdún 1979.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ernest nígbà tí Rachel wọ ilé wọn. Rachel ló ń nu imú fún un, òun ló ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni Ernest, ìyàwó ilé ni Rachel, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nítorí síléètì tí ọmọ náà ń gbé kiri, Rachel sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Títí irun fi ń kúrò lórí Akọ̀wé, kò pè é ní Ernest rí, kò sì sọ pé rárá fún un rí. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé Akọ̀wé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "owó kì í sá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ ọ̀nà. Ẹ mú bírò."

Rachel mú ìwé àti bírò. Kí ló fẹ́ ṣe? Oṣù kẹrin rèé tí ìjọba ò tíì san owó ìfẹ̀yìntì. Àjọ ọdún méjì ló fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí owó míì lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kó má ra oúnjẹ ní pápákọ̀ òfurufú, kó di búrẹ́dì àti ẹ̀pà dání. Kó má ṣẹ́ owó níbẹ̀, báńkì ìgboro sàn jù. Kó má wọ takisí. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni kó wọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì odindi ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n ń tà lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, ẹ̀dínwó ni. Bàtà, kó dúró di ẹ̀yìn Kérésì, ìgbà yẹn ni òyìnbó ń ta ọjà ní ọ̀pọ̀. Tó bá dé, kó tẹ Harold, ọmọ Ernest tó ń kàwé ní Manchester, láago. Kó jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì, kó gbé e sílẹ̀. Kọ́ìnì rẹ̀ á padà jáde, Harold á sì ti mọ̀ pé ó dé.

"Aṣọ tó bá wúwo ńkọ́? Ara lẹ ó wọ̀ ọ́ sí, ẹ ò ní dì í. Ogún kílò ni wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá fi kílò kan lé, wọ́n á bó yín."

Orí Rachel wú. Ó wọ yàrá, ó gbé kóòtù Frederick jáde.

Leeds ni Frederick ti rà á ní ọdún 1961, nígbà tí wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó nípọn, ó gùn dé orúnkún. Ní àárọ̀ ọyẹ́, Frederick á wọ̀ ọ́ mú Helen lọ sílé ìwé, Helen á ki ọwọ́ bọ àpò bàbá rẹ̀, wọ́n á máa lọ. Nígbà tí aṣọ inú rẹ̀ ya, Rachel fi òwú búlúù rán an fúnra rẹ̀, torí òwú dúdú tán nílé. Frederick rẹ́rìn-ín, ó ní kó má tú u. Ó ní lọ́jọ́ kan Rachel náà á wọ kóòtù yìí lọ sí ìlú òyìnbó. Ó kú kí ọjọ́ náà tó dé. Kóòtù wá ń dá dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú kánfọ̀.

"Ó dára gan-an," ni Ernest wí, ó ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Ẹ gbé e fún mi kí n bá yín sá a sóòrùn."

Rachel gbé e fún un. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìrìnàjò, Ernest dé ní ọ̀sán gangan. Ó gbé òṣùwọ̀n tó yá lọ́wọ́ oníkòkó kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó dání, ó sì ru páálí ńlá kan. Wọ́n wọn àpótí Rachel. Ogún kílò géérégé. Aṣọ rẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òrí àti àdí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára, kàn-ìn-kàn-ìn, ọṣẹ dúdú, ọ̀já méjì tó fi pọn Helen fúnra rẹ̀, àti gàrí àti ẹja gbígbẹ tí abiyamọ á jẹ.

Ernest bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n. Kò bèèrè o! Ó ń yọ ọ́ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Àdí, wọ́n ní ìpara níbẹ̀. Ọ̀já, òyìnbó kì í pọnmọ, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tì. Aṣọ mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ wọ méjì léra, ó parí." Ó kó páálí rẹ̀ sí àyè wọn. "Ti Harold nìyí. Kílò mẹ́sàn-án péré."

 Rachel wo ọ̀já méjèèjì nílẹ̀. "Akọ̀wé," ó ní, "ṣé Harold nìkan ló máa jẹ gbogbo èyí?"

"Ọmọ yín ni, ìyàwó wa. Ebi ń pa á."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni Fàtímọ̀ wọlé. Obìnrin aránṣọ ni Fàtímọ̀, ojúlé kẹta sí Rachel ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó gbé kóòtù Frederick mọ́ àyà, ó ń mí hẹlẹ.

"Ẹ kú ilé, Mà. Bọ̀dá Ernest ní kí n gbé e wá. Mo ti rán àpò tí ẹ ní kí n rán."

"Àpò wo?"

Fàtímọ̀ wo Ernest. Ernest gba kóòtù, ó ṣí i bí ẹni ń ṣí ojú ọjà. Àpò mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ láti abíyá dé ìsàlẹ̀, gbogbo wọn sì kún fọ́fọ́. "Wọn kì í wọn aṣọ tó wà lára èèyàn," ni Ernest wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Kílò méje ti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ta ló máa kọ́ yín ní irú ọgbọ́n yìí?"

Rachel ò gbọ́ ìyókù. Aṣọ inú kóòtù ló ń wá. "Fàtímọ̀, aṣọ inú rẹ̀ dà?"

"Mo ti gé e, Mà. Òun ni mo fi rán àwọn àpò náà. Bọ̀dá ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀." Ojú Fàtímọ̀ ti ń pọ́n. "Ẹ dákun, Mà. N ò mọ̀."

Rachel rí òwú búlúù rẹ̀. Ó wà lára àpò kan lábẹ́ abíyá, ìdajì. Ìdajì kejì wà lára àpò míì nísàlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ èyí tó wà lókè. Gàrí ni, nínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n so lẹ́nu. Bébà pélébé kan tí wọ́n kọ iye owó sí wà lára okùn rẹ̀: *pọ́n-ùn kan ààbọ̀*. Ó fa òmíràn yọ. Ẹ̀gúsí. *Pọ́n-ùn méjì.* Ọwọ́ Akọ̀wé ló kọ ọ́, Rachel ló kọ́ ọ ní lẹ́tà yẹn. Harold ò jẹ gàrí kankan. Harold ń tà á fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, opó ẹni ọgọ́ta ọdún ni alárù wọn.

Inú bí Rachel gidigidi. Kì í ṣe ti ẹrù. Bó bá jẹ́ ti ẹrù ni, ì bá rù ú, bó ti ń rù ú láti ọjọ́ yìí wá. Ti ọ̀já ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ ni, ti òwú búlúù tí wọ́n gé sí méjì.

"Ernest."

Fàtímọ̀ la ẹnu sílẹ̀. Ernest wẹ̀yìn, bóyá Ernest míì wà nínú ilé.

"Ìyàwó wa, èmi lẹ pè bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi pè ọ́ ní Akọ̀wé, n ò mọ̀ pé owó ọjà lo máa kọ lé mi lára. Ṣé kóòtù yìí wúwo?"

"Kò... kò wúwo. Ó fúyẹ́."

"Wọ̀ ọ́. Wọ̀ ọ́ dé mọ́ṣáláṣí tó wà níkòríta, kí o padà wá. Bí o ò bá bọ́ ọ, màá kó gbogbo ẹrù rẹ dé London, títí kan páálí. Bí o bá bọ́ ọ, ẹrù rẹ á bá ọ délé."

Ernest wo Fàtímọ̀, ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, ó wọ kóòtù, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Ẹni tó ti dé London, kóòtù kì í ṣe tuntun lójú rẹ̀.

Oòrùn ọjọ́ náà mú. Ní ojúlé kejì, àwọn tó jókòó níta rí i.

"Bọ̀dá Ernest, ẹ kú òtútù o!"

"Yìnyín ti ń bọ̀ ní Pórógun!"

Ó kọ́kọ́ juwọ́ sí wọn. Ní ojúlé karùn-ún, ó yọ áńkáṣíìfù. Àwọn ọ̀rá gàrí ń lù ú ní itan bó ṣe ń rìn, ó sì ń rìn bí aboyún. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi jókòó sórí táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, ó ń mí gúlegúle. Àpò kan ya, ọ̀rá bẹ́, gàrí Harold dà sílẹ̀, adìyẹ péjọ. Ernest bọ́ kóòtù.

Rachel ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ bá a, ó tú àpò mọ́kànlá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀, ó gbé kóòtù ọkọ rẹ̀, ó padà wálé. Ó kó àdí rẹ̀ padà sínú àpótí, ó kó aṣọ rẹ̀ padà, ó ká ọ̀já méjèèjì lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Fàtímọ̀ tú àwọn àpò náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tò wọ́n pọ̀, ó rán wọn padà sínú kóòtù, kò gba kọ́bọ̀. Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n òwú búlúù ò ríra wọn mọ́. Rachel dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá, ó sunkún gidi.

Ní London, gbogbo ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ló ṣe, àyàfi ọ̀kan. Ó jẹ ẹ̀pà rẹ̀, kò ṣẹ́ owó ní pápákọ̀, ogún kílò rẹ̀ ò lé, ẹnikẹ́ni ò bó o. Ìmọ̀ràn náà dára, ẹni tó gbà á nímọ̀ràn ni kò dára. Ó rí fóònù lára ògiri, ó rántí Harold, ó kọjá lọ.

Helen ti ń dúró pẹ̀lú ọmọ láyà. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n jáde, òtútù sì gbá Rachel lójú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù. Helen wò ó, ó wo kóòtù.

"Ti Dádì nìyí!" Kó tó mọ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ àpò náà bó ti ń ṣe ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì bá ọwọ́ ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ó dì í mú. "Màmi, ẹ ò kó nǹkan kan sínú rẹ̀? Gbogbo èèyàn ló máa ń kó gàrí sí kóòtù."

"Ó ṣófo," ni Rachel wí. "Ìjà ni mo jà kó tó ṣófo."