Àwọn Àgbá Ìlú Mímọ́

Kò sẹ́ni tó fi ipá mú Ìdànrè wọ ètò Ìlú Mímọ́. Ohun tó ń bí Moríyọ̀ nínú jù nìyẹn. Ká ní ìjọba àpapọ̀ ló pàṣẹ ni, ì bá rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n ètò àfínnúfíndọ̀ṣe ni. Ìlú tó bá wù ú ló ń wọ̀ ọ́, ìlú náà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa ṣe láti tọ́jú ilẹ̀ àti omi rẹ̀, tó bá yá, àwọn elétò á wá wò ó bóyá ó ṣe é lóòótọ́. Bó bá ṣe é, wọ́n á kéde orúkọ rẹ̀ fún aráyé. Bí kò bá ṣe é, kò sí ìyà, kò sí ìbáwí. Kò sì sí ìrànwọ́ kankan pẹ̀lú.

"Kí ni wọ́n wá fẹ́ fún wa?" Bí gbogbo ènìyàn tó gbọ́ ọ ṣe ń béèrè nìyẹn.

Alága ìjọba ìbílẹ̀ ló kó wọn sí i. Ó lọ sí ìpàdé kan ní Àkúrẹ́, ó gbọ́ pé ìlú kan tí kò tó Ìdànrè rárá ti wọ ètò yìí, ló bá na ọwọ́ sókè kó tó jókòó tán. Nígbà tó padà dé Owena, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wà, ó ránṣẹ́ pe Moríyọ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà ní ẹ̀ka ìmọ́tótó àyíká.

"Màdáámù, mo ti fi wá sínú ẹ̀."

"Sínú kí ni, sà?"

"Ìlú Mímọ́. Ẹ bá wa wo ohun tó jẹ́, kẹ́ ẹ sì bá wa ṣe é."

Moríyọ̀ fa ìwé yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin tí kì í lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀ ni, Alága sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ó ti bọ́ sí orí fóònù kí Moríyọ̀ tó jáde kúrò nínú yàrá náà.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ṣòro láti rí. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí àwọn àpáta Ìdànrè, ìsàlẹ̀ ló ń sàn bọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, ẹlòmíràn á gbé garawa pàǹtí jáde sí ẹnu ọ̀nà, á dúró de àgbàrá bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ọjà Aládé kọjá ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Nígbà tí Moríyọ̀ wà lọ́mọdé, wọ́n ń rí ẹja nínú odò yẹn. Ní báyìí, ọ̀rá ni wọ́n ń rí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ Ìlú Mímọ́ pe ìpàdé láti yan iṣẹ́, ẹnìkan ní kí wọ́n gbin òdòdó yí àpáta ká. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ ẹnu ọ̀nà ńlá kan sí ojú títì tó wọ ìlú, kí wọ́n sì kun ún ní àwọ̀ ewé. Moríyọ̀ ní rárá. Ó ní kí wọ́n to àgbá sí ẹ̀bá odò láti ọjà dé orí afárá, kí àwọn ènìyàn máa da pàǹtí sí i, kí ọkọ̀ akólẹ̀ máa wá kó o lọ sí àkìtàn. Gbogbo wọn nawọ́ sókè pé ó dára. Bí wọ́n ṣe tètè nawọ́ yẹn, ó yẹ kó ti já a láyà.

Òun fúnra rẹ̀ ló tọrọ àwọn àgbá náà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ọ̀dà ní Àkúrẹ́, àgbá rọ́bà aláwọ̀ búlúù, tó nípọn. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí wọn lára gàdàgbà pé DA PÀǸTÍ SÍHÌN-ÍN. Alága wá, ó gbá ọ̀kan mọ́ra, wọ́n yà á ní fọ́tò, ó lọ.

Àgbá àkọ́kọ́ lọ kí ọ̀dà ara rẹ̀ tó gbẹ. Kò pẹ́, èkejì tẹ̀lé e. Bí Moríyọ̀ bá bi àwọn tó ń tajà nítòsí, wọ́n á ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ẹnìkan ní bóyá afẹ́fẹ́ ló gbé e.

"Afẹ́fẹ́ wo ló ń gbé àgbá, tí kò gbé agbòòrùn tí ẹ jókòó sábẹ́ ẹ̀ yìí?"

"Màdáámù, èmi kọ́ ni afẹ́fẹ́ o."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, kò ku ẹyọ kan. Moríyọ̀ sin ìyá rẹ̀ lọ sí ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ti ń jọ́sìn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn ìsìn, ó gba ẹ̀yìn ilé kọjá kó lè ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọ bàtà. Ibẹ̀ ló ti rí àgbá búlúù kan, omi kún inú rẹ̀ dé ẹnu, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì yí apá kan rẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ki ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka tẹ lẹ́tà ọ̀dà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí àní-àní.

Wòlíì Olúlékè, olórí ìjọ, jáde wá pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. "Arábìnrin Moríyọ̀, ẹ ti rí i. Mo ti ń gbèrò láti sọ fún yín."

"Bàbá, àgbá pàǹtí nìyí!"

"Kò tíì gba pàǹtí sára rí. A fọ̀ ọ́, a gbàdúrà sí i. Omi táwọn aláìsàn ń mu ló wà níbẹ̀. Ìlú Mímọ́ kọ́ lẹ pe ètò yín ni? Ibo ló tún mọ́ ju ilé Ọlọ́run lọ?"

Moríyọ̀ yíjú sí ìyá rẹ̀, tó ti dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ sí èyí?"

"Mo mọ̀ sí i," ni màmá wí, kò tilẹ̀ fojú pamọ́. "Èmi ni mo júwe ibi tó wà fún wọn. Ṣé o fẹ́ kí aláìsàn máa mu omi inú ike ọ̀dà fífọ́ ni?"

Moríyọ̀ wọ bàtà rẹ̀, ó sì rìn lọ sílé láìdúró de màmá. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń dá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó máa fi dé ilé, ó ti rí ọgbọ́n kan dá. Omi ni wọ́n fẹ́ máa pọn sí i? Ó dáa. Ó padà sí Àkúrẹ́ lọ tọrọ àgbá mìíràn, ó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó ní kó lu ihò sí ìdí gbogbo wọn kí omi kankan má lè dúró níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n to àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀bá odò, ó wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn. Fún ọjọ́ díẹ̀, ó sùn dáadáa. Àwọn ènìyàn kan tilẹ̀ ti ń ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú wọn.

Lẹ́yìn náà, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọlọ́kadà kan sì ré e kọjá. Àgbá búlúù méjì ló so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. Moríyọ̀ kígbe, ọlọ́kadà náà kò gbọ́. Ó dá òmíràn dúró, ó gun ún pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì.

"Ibo là ń lọ, Màdáámù?"

"Ẹ tẹ̀lé àgbá yẹn!"

Wọ́n tẹ̀lé e jáde kúrò ní Aládé, wọ́n yà sí ọ̀nà oko, wọ́n ń ta gìjàgìjà lórí òkúta títí wọ́n fi dé abúlé àwọn tó ń bá olóko ṣiṣẹ́ kòkó. Abẹ́ igi kòkó ni àwọn àgbá tuntun rẹ̀ wà. Wọ́n tò wọ́n sórí pákó bí ọmọ iléèwé, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n lórí, omi kòkó tútù sì ń ro tó tó tó láti àwọn ihò ìdí wọn.

Ọkùnrin kan, Babárìndé, tó ti ìhà Ìwó wá ṣiṣẹ́ lóko náà, sáré pàdé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màdáámù ìjọba! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká kúkú dúpẹ́ lójú ara yín."

"Ẹ dúpẹ́ kí ni?"

"Àwọn àgbá tẹ́ ẹ ṣe fún wa ni. Tẹ́lẹ̀, inú apẹ̀rẹ̀ la máa ń kó kòkó sí kó lè kan ká tó sá a, apẹ̀rẹ̀ á sì jẹrà. Ti ìṣáájú kò wúlò fún wa, torí omi kòkó kò ríbi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ tún rò ó, ẹ wá lu ihò sí èyí. A sọ ọ́ láàárín ara wa pé ẹni tó lu ihò yìí mọ iṣẹ́ kòkó."

"Kí la kọ sára ẹ̀?" ni Moríyọ̀ bi í.

Babárìndé wo àgbá, ó wo obìnrin náà. "Pàǹtí ni mo rí kà níbẹ̀. Mo ní bóyá àṣìkọ ni."

Moríyọ̀ jókòó sórí òkìtì èèpo kòkó pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì náà. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń pa òun ni àbí ẹkún.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an làwọn elétò pè pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Moríyọ̀ wọlé tọ Alága lọ, ó sì sọ ibi tó ti rí àwọn àgbá fún un.

"Sà, ẹ jẹ́ ká jáde kúrò nínú ètò yìí. Ìfẹ́ inú wa la fi wọ̀ ọ́, ìfẹ́ inú wa la lè fi jáde."

"Jáde? Nígbà tí mo ti sọ ọ́ lórí rédíò? Ẹ ní kí wọ́n yá wa ní àgbá náà fún ọjọ́ kan péré."

"Kí wọ́n yá wa ní àgbá wa?"

"Ẹ bẹ̀ wọ́n, Màdáámù."

Ó lọ bẹ̀ wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, àwọn àgbá bẹ̀rẹ̀ sí dé láti ibi gbogbo, lórí ọ̀kadà, nínú kẹ̀kẹ́, lórí ènìyàn. Wòlíì Olúlékè fúnra rẹ̀ gbé ti ìjọ wá, ó ń ta sánsán lọ́fínńdà. Ti Babárìndé ń rùn bí ọtí kíkan. Àwọn kan tún dé láti ilé tí Moríyọ̀ kò fura sí rárá, ọ̀kan sì ti ọ̀dọ̀ akápò ìgbìmọ̀ Ìlú Mímọ́ gan-an wá. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "Tó bá dìrọ̀lẹ́, a ó wá gbé e o."

Obìnrin tí àwọn elétò rán wá ń jẹ́ Olúbísí, arábìnrin tín-ín-rín tó dé fìlà oòrùn. Alága gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò lópin. Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ọjà, èrò pọ̀, àgbá sì wà níwájú oníkálukú. Bí Alága ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń ju nǹkan sínú wọn láìronú: háhá àgbàdo, ọ̀rá omi, ìfun ẹja, pámpáàsì ọmọ. Oòrùn sì ń pa gbogbo rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó tí àwọn àgbá yìí ti wà níbí?" ni Olúbísí béèrè.

"Áà, ó ti pẹ́," ni Alága wí.

"Láti àárọ̀ yìí ni," ni Moríyọ̀ wí.

Alága wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ Moríyọ̀ ju kó máa bẹ̀rù lọ. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún àlejò náà níwájú èrò, láti orí omi àdúrà dé orí kòkó. Nígbà tó dé ibi àṣìkọ, Olúbísí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó tún yíjú padà, ó nu ojú rẹ̀.

"Màdáámù, mo máa kọ ọ́ pé ẹ kò tíì ṣe é o."

"Ẹ kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Bó ṣe rí nìyẹn."

"Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó tún wá wò ó."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Alága kò bá Moríyọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ni àgbá, tàbí àwọn tó rò pé àwọn ló ni ín, padà dé. Wòlíì Olúlékè ló kọ́kọ́ yọjú wo inú tirẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Pámpáàsì," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"A kò lè rọ omi àdúrà sí èyí mọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún gbàdúrà sí i."

Ó wo ìfun ẹja, ó mi orí, ó lọ. Babárìndé náà wo tirẹ̀, ó ní òórùn yẹn á wọ inú kòkó, kò sì sí olùrà tó máa gbà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dé, tí wọ́n ń wo inú àgbá, tí wọ́n sì ń padà lọ́wọ́ òfo. Moríyọ̀ dúró lórí afárá. Ó ń wo àwọn àgbá rẹ̀ tó kún fọ́fọ́, tó ń rùn, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe Bàbá Ṣàngódèyí, awakọ̀ ọkọ̀ akólẹ̀. Bàbá ní ọkọ̀ kò ní bátìrì, wọ́n ti yọ ọ́ sínú jíìpù Alága. Moríyọ̀ kò jà mọ́. Ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ jíìpù náà títí wọ́n fi yọ ọ́ fún un.

Nígbà tí ọkọ̀ wá sí Aládé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó kó pàǹtí náà tán láìsí wàhálà. Moríyọ̀ ń bá obìnrin kan tó fẹ́ kí wọ́n gbé àgbá kan sí ìhà ọ̀dọ̀ òun sọ̀rọ̀, tó sì ń búra pé òun kò ní pọn omi sí i, nígbà tó gbọ́ ìró omi. Bàbá Ṣàngódèyí, èèyàn dáadáa, ti pọn omi odò sínú garawa, ó ti da ọṣẹ sí i, ó sì ti ki kànrìnkàn bọ inú àgbá àkọ́kọ́.

Moríyọ̀ sáré, gèlè rẹ̀ já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá! Ẹ má fọ̀ ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ má fọ̀ ọ́!"

Bàbá dáwọ́ dúró, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Màdáámù, ẹ̀ka ìmọ́tótó ni wá."

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ sì ní kí n fi ìdọ̀tí sílẹ̀?"

"Díẹ̀ péré," ni Moríyọ̀ wí, ó ń mí hẹlẹ. "Díẹ̀ péré ní ìsàlẹ̀, Bàbá mi. Kó ṣáà máa rùn."