Ọjọ́ Tí Ẹ̀dọ̀ Pé Ọdún Kan

Onípólíìṣì ń fa òwú tó ti rẹ sínú pólíìṣì lọ, ó ń fà á bọ̀ lórí tábìlì gígùn kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò gbójú sókè. Ẹni tó ń fa pólíìṣì kì í dúró láàárín tábìlì: bó bá dúró, òwú á lẹ̀ mọ́ ọn, àpá á sì dá síbẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má fara kan tábìlì o.”

“Ṣé o rò pé mo wá jókòó lórí ẹ̀ ni?” Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. “Ilé ìwòsàn ni mo ti ń bọ̀.”

Lára ẹ̀dọ̀ obìnrin yìí ni wọ́n ti gé fún àbúrò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọtí ti ba ti àbúrò náà jẹ́ pátápátá. Òun náà ló ń bá a gba èsì àyẹ̀wò, kí iṣẹ́ má baà dúró.

“Wọ́n ní àwọ́n rí ọtí nínú ìtọ̀ rẹ.”

Òwú ń lọ, ó ń bọ̀.

“Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé sípíríìtì tó o fi ń po pólíìṣì ni, tó ò ń fà símú látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó o fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lónìí. Mo ti bá ọ rí iṣẹ́ ṣíṣọ́ géètì.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá a se àwáwí, ó ti bù ú sáwo. Kó máa jẹ ló kù. Ogún ọdún iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò sì fi ṣòfò. Ó fa òwú dé etí tábìlì, ó jù ú sínú agolo.

“Kì í ṣe sípíríìtì. Mo mu bíà. Ìgò méjì, ní Sátidé.”

Obìnrin náà dìde lórí àpótí.

“Kí ló dé ní Sátidé?”

“Ọjọ́ náà ni ẹ̀dọ̀ pé ọdún kan. Inú mi dùn, mo ní kí n fi ìgò kan ṣe é.”

“O fi ọtí ṣe ọjọ́ ìbí ẹ̀dọ̀ mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Èmi tí mo ni ín, o ò tiẹ̀ pè mí.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àbúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Ìgò kejì ńkọ́? Ọjọ́ ìbí ta lo fi ìyẹn ṣe?”

“Ti àkọ́kọ́ ló pè é. Mi ò tíì mu òmíràn, ṣùgbọ́n ó ń wù mí lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Gbọ́. Dókítà ní kò tíì sí ohun tó ṣe ẹ̀dọ̀. Nọ́ọ̀sì sì ní ẹni tó bá jẹ́wọ́, àwọn mọ bí àwọn ṣe máa dúró tì í. Wọ́n á wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́rin.”

“Iṣẹ́ géètì ńkọ́?”

“Kí ni géètì tún ń wá níbẹ̀? Parí tábìlì rẹ, ká máa lọ.”

Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó mú òwú, ó fa apá tó kù láti etí dé etí, kò dúró. Ó fi ìdérí dé agolo, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.