Ìbí Kejì

Ó di ọjọ́ kẹta tí àgùntàn náà ti dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ilé l'Ókè-Ìlá ní Èkìtì. Adéfúnkẹ́ fà á sókè, iwájú dúró, ìdí lọ sílẹ̀. Ó tún fà á, ìdí tún lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú u débi pé ó gbá ẹran aláìsàn létí, ó sì tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dé bá ló mọ̀ ọ́n o.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń jó o lára. Àgùntàn yìí kì í ṣe tirẹ̀, àgbàsìn ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Ìyá Ọláyíwọlá tó ń gbé Ìgbẹ́mọ, ló ni ín. Adéfúnkẹ́ kàn ń bá a sìn ín ni. Bí wọ́n sì ṣe ń pín àgbàsìn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: ìbí kìíní, ti ẹni tó ni ẹran, ìbí kejì, ti ẹni tó ń sìn ín, ìbí kẹta, ó tún padà sọ́dọ̀ olóhun. Lọ́dún 1977, àgùntàn bí ọmọ kan, wọ́n wá láti Ìgbẹ́mọ, wọ́n fà á lọ. Oyún tó wà nínú rẹ̀ yìí ni ìkejì. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko tí Adéfúnkẹ́ ti wọlé ọkọ, kò tíì ní ẹran kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun ni.

Àdúgbò wá kún fún dókítà. Ìyá Adémọ́lá, ará ilé kejì, ní ẹnìkan ló sọ ọ́ lókò nígbà tó lọ jẹ èlùbọ́ elélùbọ́. Irọ́ ni, àgùntàn kò kúrò lórí okùn láti oṣù kan. Bàbá Àládùúrà tó wà lójúlé kẹta ní òtútù ló wọ̀ ọ́ léegun, kí wọ́n fi òróró àdúrà pa á. Ajíbádé, ọkọ Adéfúnkẹ́ tó ń ṣe tíṣà, gbé ìwé jáde, ó kà á títí, ó ní àrùn pátákò ni, ó sì gba iléèwé lọ. Adéfúnkẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀. Ó fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà, ó fi òróró pa á, ó ha pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ọwọ́ fi ro ó. Pàbó ló já sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹsẹ̀ rìn lọ wá dókítà ẹran. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní ó lọ sí Ìyìn. Lẹ́ẹ̀kejì, Ìyìn náà ló tún lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé bóyá Ìyìn nìkan ni àgùntàn wà ní gbogbo Èkìtì.

Níkẹyìn, dókítà ẹran náà, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, gun alùpùpù rẹ̀ dé. Ó tẹ ẹsẹ̀ láti ìdí dé pátákò: kò wú, kò ṣẹ́, kò légbò. Ó ju ọwọ́ níwájú ojú àgùntàn, kò ṣẹ́jú. Ó wá fi imú sí i lẹ́nu, ó ní kí Adéfúnkẹ́ náà wá gbóòórùn. Ó ń rùn bí ọsàn tó ti pẹ́ jù nínú apẹ̀rẹ̀. Ó tẹ ikùn, ó ní ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó béèrè ohun tó ń jẹ.

Adéfúnkẹ́ fi gbogbo ẹnu ròyìn. Ọmọ ìbí kìíní tóbi, ó há, díẹ̀ ló kù kí ìyá bá a lọ. Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí òun so ó mọ́lẹ̀, òun dín oúnjẹ rẹ̀ kù: ẹ̀kúnwọ́ èèpo iṣu kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, kí ọmọ má baà sanra. Bí ìyá ọkọ òun ṣe kọ́ òun nígbà tóun lóyún nìyẹn.

“Ìyàwó, ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ṣe é,” ni ọkùnrin náà wí. “Ebi ni. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ ti ń jẹ ìyá wọn.”

Inú bí Adéfúnkẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó bí i sí ìwé Ajíbádé, ó bí i sí Ìyìn. Nígbà tó yá, kò rí ẹlòmíràn tí yóò bínú sí mọ́ àfi ara rẹ̀.

Akínbọ́lá fa omi ṣúgà sí àgùntàn níṣan, ó wá ṣàlàyé fún Adéfúnkẹ́. Bí òun bá gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi bí wọ́n báyìí, ìyá lè yè, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò tíì gbó. Bí wọ́n bá dúró, ó ṣeé ṣe kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Adéfúnkẹ́ lè ní kí wọ́n dúró. Ìyá ni ti Ìgbẹ́mọ, ọmọ méjèèjì ni tirẹ̀. Ó wo àgùntàn náà tó ń jẹnu láìsí koríko kankan níbẹ̀.

“Ẹ gún un,” ló wí, ó sì wọlé, kò fẹ́ rí i.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jáde. Ọ̀kan kò mí rárá. Èkejì, tí kò tó ológbò, mí títí di ọ̀sán. Ó sin wọ́n sẹ́yìn ilé ìdáná. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin omi ṣúgà àti ewé tútù, àgùntàn dìde, ó ń rìn.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Ọláyíwọlá wá láti Ìgbẹ́mọ. Ó rí ẹran rẹ̀ lórí ìdúró, ó ṣàdúrà fún Adéfúnkẹ́ títí, ó ní ìyàwó ilé kan kì í tọ́jú ẹran ẹni báyìí. Ó wá jókòó ti Ajíbádé, ó mu omi.

“Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́ o. Tìrẹ ló lọ yẹn, Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Ìbí tó ń bọ̀, tèmi nìyẹn, àbí?”

Adéfúnkẹ́ fẹ́ sọ pé ìbí tó kú kì í ṣe ìbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àròyé yìí yóò sọ ohun tó pa wọ́n, yóò sì sọ ẹni tó pa wọ́n.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá,” ló wí. Ó mú àdá, ó jáde lọ gé ewé, ó sì gé e títí ó fi ju èyí tí àgùntàn kan lè jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan.