Àpò Tó Wà Lábẹ́ Ìbora

Bí ẹ bá rí Baba Katakata lórí katakata tó ń wà, ẹ ó rò pé wọ́n rán an wá tún ayé tẹ́ ni. Òkè tó bá ta kò ó láàárọ̀ ti di pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Wọ́n ní àpáta kan tiẹ̀ gbúròó rẹ̀ lókèèrè, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ yà kúrò lọ́nà. Baba Katakata fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ta ni ká tún wá bi?

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ọkùnrin náà lẹ́rù láyé, kò sì gùn tó ìka: abẹ́rẹ́.

Ìbora kan wà nínú ẹbí wọn tí wọ́n ń pè ní Gbogbo-Wa. Àjákù aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n rán pọ̀ sókè rẹ̀, òwú wà láàárín, aṣọ funfun wà nísàlẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń rán an, láìlo ẹ̀rọ, láti ayé ìyá tó bí ìyá Ìyá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. Ọmọ tí wọ́n bá bí sílé, ègé aṣọ kan gbọ́dọ̀ wọ inú ìbora náà fún un, òbí rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ inú ilé ló sì gbọ́dọ̀ rán an, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ìbora ọ̀hún ti wá tóbi débi pé bí wọ́n bá sá a sóòrùn, ilẹ̀ a ṣú ní ojúlé mẹ́ta, àwọn adìyẹ a sì wọlé lọ sùn.

Òfin kan ló ní: ohun tí a bá ti rán, a kì í tú u. Ìdí nìyẹn tí ègé bàbá tó bí Baba Katakata fi dorí kodò títí dòní. Ẹni tó bá tú tiẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ọmọ rẹ̀ á máa retí títí wọn ó fi bí ọmọ mìíràn nínú ẹbí kí wọ́n tó tún ṣí ìbora náà sílẹ̀.

Ìyàwó Baba Katakata wá bímọ, obìnrin làǹtìlanti. Ẹ̀gbọ́n Baba Katakata obìnrin, Àǹtí Télọ̀, ẹni tí iṣẹ́ ìránṣọ ti wọ̀ lẹ́wù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n tẹ́ Gbogbo-Wa sójú títì kí àbúrò òun lè fi katakata gùn ún. Ó ní ọmọ yìí á ti lọ́mọ kó tó rí ègé tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Baba Katakata dé mùdùnmúdùn. Ó búra pé ọmọ òun kò ní sùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta ìbora nítorí pé kò ní ègé, nígbà tí òun bàbá rẹ̀ wà láyé.

Ìmọ̀ràn kan péré ni Ìyá Àgbà gbà á.

"Orí tábìlì ni kó o ti rán an o. Má gbé e lé itan."

Ó ní ó ti yé òun, mà. Àmọ́ ilé ìdáná ni tábìlì wà, ẹ̀gbẹ́ àga tìmùtìmù tó wà ní pálọ̀ sì ni rédíò ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bó ṣe di ọ̀sán Sátidé, ó jókòó ti rédíò pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ nídìí, èyí tó ní àpò ńlá lórí itan. Ó tẹ́ Gbogbo-Wa lé ẹsẹ̀, ó sì gbé ègé aṣọ àwọ̀ ewé tí ìyàwó rẹ̀ máa ń wọ̀ nígbà oyún lé e.

Òwú náà kò fẹ́ wọ ojú abẹ́rẹ́. Ó fi itọ́ rẹ ẹ́ títí òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ mumi yó. Abẹ́rẹ́ gún un débi pé bó bá gbé omi mu, gbogbo ìka rẹ̀ ni ìbá máa jò. Ó kíyè sí i pé ìbora náà le ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, ó sì ń fi agbára ọkùnrin ti abẹ́rẹ́ wọlé. Nígbà tó fi eyín já òwú, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ wú.

Àfi bí àwọn ẹbí ṣe wọlé láti wá yẹ iṣẹ́ wò. Ìyá Àgbà ló ṣáájú, tòun tọ̀pá. Baba Katakata fẹ́ dìde kí i. Gbogbo-Wa bá a dìde. Ó yára jókòó padà.

"Ṣé o ò rí mi ni?" Ìyá Àgbà bi í.

"Mo rí yín, mà. Ẹ káàbọ̀, mà. Àga yìí ló kàn dùn mọ́ mi."

Àǹtí Télọ̀ ní ẹni tó bí ọmọ kan ti sọ ara rẹ̀ di ọba, kì í dìde fún àgbà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká etí ìbora sókè, ó yọjú sábẹ́ rẹ̀, ló bá jókòó pẹ̀ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, ajá àdúgbò kejì ló ń dáhùn. Baba Katakata ti rán ìbora mọ́ ṣòkòtò ara rẹ̀, rán-ún-rán-ún, yíká ègé náà.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fa abẹ yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ní kí òun bá a tú u. Baba Katakata fi ọwọ́ méjèèjì bo ègé náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u. Bó bá jẹ́ pé màá wọ ìbora yìí lọ síbi iṣẹ́ títí n ó fi kú, màá wọ̀ ọ́. Ègé ọmọ mi nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà na ọwọ́ fún sísọ́ọ̀sì.

"A kì í tú ìbora," ó ní. "Ta ló sọ pé a kì í gé ṣòkòtò?"

Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ti sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ ìbora.

"Má mira o. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Ẹni tí àpáta ń yà fún lọ́nà di ojú pinpin, ó ń dún bí èkúté tí ilẹ̀kùn há mọ́. Nígbà tí sísọ́ọ̀sì fi yí po tán, fèrèsé ti là sára ṣòkòtò, itan Baba Katakata sì ń kí gbogbo àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yí Gbogbo-Wa dojú dé. Àpò ṣòkòtò ló jókòó sábẹ́ rẹ̀ yẹn, odidi, tòun ti bọ́tìnnì. Ìyá Àgbà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú ààbọ̀ bisikíìtì kan jáde, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó jẹ ẹ́.

"Ègé ọmọ ti wọlé," ó ní.

Àǹtí Télọ̀ fa ojú rírán náà wò. Ó wọ́ bí ọ̀nà ewúrẹ́, àmọ́ kò mì. Ó ní òun ti rí èyí tó burú jù ú lọ, nínú ẹbí yìí kan náà.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, kò sì sí ọmọ kan nínú ẹbí tí kì í jà sí ibi tí àpò wà bí wọ́n bá fẹ́ sùn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun tí ọwọ́ wọn bá bà pamọ́ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, katakata kò lè ṣíṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ fara ti ṣọ́bìrì, òkè sì dúró síwájú wọn, ó ń fi Baba Katakata rẹ́rìn-ín, nítorí ọkùnrin náà kò rí kọ́kọ́rọ́ katakata. Ó sáré lọ sílé. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ká Gbogbo-Wa sókè, ó ti ọwọ́ bọ inú àpò.

Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, tòun ti ààbọ̀ bisikíìtì. Ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sì padà lọ bá òkè jà.