Bẹ́ẹ̀ Ni Tó Wà Lẹ́nu Kátálì

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pe kóòtù. Gbogbo ilé tí à ń gbé ní Omaha, ní Amẹ́ríkà, ló mọ̀. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo bọ́ bàtà yìnyín sẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ní ẹjọ́ ìwé ìgbélùú á ti jókòó sí ilé ìdáná mi, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tí ìjọba fún un. Màá tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù, ẹ̀rọ kan á sì sọ ọjọ́ tí ẹjọ́ onítọ̀hún bọ́ sí àti ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ. Iṣẹ́ yìí kò le. Ẹ̀rù fóònù yẹn ló kàn ń bà wọ́n, àfi bí ẹni pé adájọ́ fúnra rẹ̀ ló sá pamọ́ sínú rẹ̀.

Èmi ni Mikaela. Santa Eulalia ni wọ́n bí mi sí, lórí òkè ní Guatemala, níbi tí a ti ń sọ èdè Kanjobal. Mo ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ní Omaha láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé. Ẹnu mi mú díẹ̀, mo mọ̀. Àwọn tó ń fi ẹnu mi ṣe ẹjọ́ wí náà ló sì máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn mi lọ́jọ́ Jímọ̀.

Kátálì nìkan ni kì í wá. Ọmọ ìlú mi ni, ojúkojú ni yàrá wa wà. Ó ti kọ́kọ́ ń gbé lọ́dọ̀ Diego, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kó tó kó wá sílé wa pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ọkọ yẹn ti kú. Wọ́n pa á nílé nítorí ilẹ̀, ojú Kátálì ló sì ṣe. Ẹni tó pa á ṣì ń yan fanda ní abúlé, ó sì ti ránṣẹ́ pé obìnrin tó rí òun kò ní pẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ohun tó gbé e dé Amẹ́ríkà nìyẹn. Ó fẹ́ kí kóòtù jẹ́ kí òun dúró, nítorí pé ikú ni tí wọ́n bá dá òun padà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ bá a nínú yàrá rẹ̀.

"Kátálì, mú nọ́ńbà rẹ wá ká pe kóòtù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Kò sì dìde.

"Ṣé o gbọ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bọ̀dá Diego ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìwé rẹ̀ wà lẹ́yìn àwòrán ẹni mímọ́ níbẹ̀ yẹn. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i."

"Òǹtẹ̀ ò ní kí wọ́n má yí ọjọ́ padà. Mú un wá jàre."

Mo tẹ nọ́ńbà náà. Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní èdè Sípéènì, mo ní kó tún un sọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni, láàárọ̀.

"Wọ́n ti kọ ìwé mìíràn sí ọ," mo wí, "ilé Diego ni wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí o kó wá síbí, o sọ fún fádà, o sọ fún ìyá tó ń ta tòtíyà àgbàdo. Ṣé o sọ fún kóòtù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O sọ fún wọn?"

Ó wo ilẹ̀. Omi ti lé sí i lójú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní kóòtù, ṣùgbọ́n kò lè la ẹnu sọ ọ́ fún mi pé òun kò sọ.

Ẹ má bínú sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, tí àgbàlagbà tàbí ẹni ìjọba bá bá ọ sọ̀rọ̀, wàá tẹrí ba, wàá ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe pé o gbà. O kàn fi hàn pé o gbọ́, pé o sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Kéèyàn wo ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ní rárá, ìwọ̀sí gidi ni. Ibi tí mo ti ń fọ aṣọ ló ti bà mí jẹ́ ní tèmi. Ti Kátálì ṣì wà bí ìyá rẹ̀ ṣe fún un.

Tí kò bá yọjú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, adájọ́ á dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Tó bá sì yọjú, tó ń fi bẹ́ẹ̀ ni dá gbogbo nǹkan lóhùn ńkọ́? Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ní àwọn á gba ẹjọ́ rẹ̀, kó ṣáà sọ fún adájọ́ pé kó fún òun láyè díẹ̀. Nítorí náà, mo sọ ilé ìdáná mi di kóòtù. Mo wé aṣọ ìnura dúdú mọ́rùn, mo jókòó sẹ́yìn ìkòkò ẹ̀wà.

"Màdáámù Kátálì, ṣé ìwọ lo jí ìkòkò mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O jí i? Olè!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mi ò mọ ohun tí màá sọ."

"Rárá ni wàá sọ. Ó yá. Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ tábìlì. Kátálì wò mí, ó wo aṣọ ìnura tó wà lọ́rùn mi, ó tẹrí ba.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi pa pọ̀. Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí Diego fi wọlé. Ilé iṣẹ́ ẹran ló ti ń bọ̀, òtútù ti sọ imú rẹ̀ di pupa, ó sì ti gbọ́ nípa ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àìsàn kó sọ pé gbogbo nǹkan lòun mọ̀ ló ń ṣe é.

"Màmá, ẹ má dà á láàmú," ó wí. "Kátálì, gbọ́ tèmi. Sípéènì ni kó o sọ. Má wulẹ̀ dárúkọ Kanjobal níbẹ̀. Wọ́n á ní ará oko ni ọ́, inú á bí adájọ́."

"Sípéènì wo ló gbọ́, Diego? Èyí tó fi ń ra iyọ̀?"

"Sípéènì tí mo gbọ́ náà kọ́ ni mo fi dúró síbí?"

"Ìwọ ń fi Sípéènì gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò láàárọ̀ lálẹ́. Òun ńkọ́? Bí o bá fẹ́ fi ìmọ̀ rẹ pa ìyàwó àbúrò rẹ, má ṣe é nínú ilé mi."

Ó bínú jáde. Kátálì ti dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dá èmi náà lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì mọ èwo nínú wa ló fẹ́ gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yìnyín bo gbogbo títì. A dé kóòtù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ní ẹjọ́ mọ́ ògiri, a wá orúkọ rẹ̀ lábẹ́ Gaspar, kò sí níbẹ̀. Ojú Kátálì tàn.

"Kò sí orúkọ mi, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Lọ síbo? Dúró ńbẹ̀."

Orúkọ tiwa máa ń da àwọn ènìyàn yìí láàmú, torí orúkọ ìdílé méjì la ń jẹ́, méjèèjì sì dà bí orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọ. Mo wá lábẹ́ Simón, orúkọ ìdílé rẹ̀ kejì, mo rí i níbẹ̀: Simón, Catarina Gaspar; Catarina yìí la ń pè ní Kátálì. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó lè rí i. Mo fà á lọ́wọ́.

A wọlé. Ẹ̀ṣọ́ sọ fún àwa tí a tẹ̀ lé ènìyàn wá pé ìjókòó ẹ̀yìn ni tiwa, a ò sì gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀. Adájọ́ jẹ́ obìnrin àgbà tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, ó gbé páálí ìnumú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀. Nígbà tó kan Kátálì, wọ́n fi nǹkan bò ó létí kó lè máa gbọ́ ògbufọ̀.

"Ṣé Sípéènì ni ká máa sọ?" adájọ́ bi í.

Kátálì ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ mọ ẹ̀sùn tó wà nínú ìwé yìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ fẹ́ àyè kí ẹ lè wá agbẹjọ́rò, àbí ẹ fẹ́ fúnra yín padà sílé?"

Ògbufọ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Kátálì fi tẹrí ba, tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Adájọ́ bi í pé, "Kí ẹ padà sílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

 Lójú inú, mo rí ọkùnrin tó pa ọkọ rẹ̀ ní abúlé wa, mo rí i bó ṣe máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó máa dúró dè é. Kátálì fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó gbà. Ó dúró jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ṣe dáadáa níwájú olùkọ́.

Adájọ́ nu imú, kò kọ nǹkan kan. Ó ń wò ó. "Màdáámù, ẹ ti dáhùn kí ìbéèrè mi tó dé etí yín. Èdè wo lẹ fi ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Kátálì dáhùn.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ẹ̀ṣọ́ ti dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní kí n jókòó, ṣùgbọ́n orúnkún mi kọ̀.

"Ta ni yẹn?" adájọ́ bèèrè.

"Aládùúgbò rẹ̀ lásán ni mí, Màmá adájọ́."

"Ẹ ò lè bá a dáhùn níbí."

"Mi ò fẹ́ bá a dáhùn. Ẹ ṣáà jọ̀ọ́, ẹ bi í bóyá ó gbọ́ Sípéènì dáadáa."

"Ẹ jókòó, Màdáámù. Tẹ́ ẹ bá tún dìde, ìta ni." Ó yíjú sí Kátálì, ó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. "Ṣé Sípéènì ni èdè tí ẹ gbọ́ jù?"

Ìbéèrè kékeré yìí yé e. Sípéènì tó fi ń ra iyọ̀ tó o. Èmi rí i látẹ̀yìn pé ó yé e, nítorí ọrùn rẹ̀ le. Diego ti ní kó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ti ní kó sọ bẹ́ẹ̀ ni kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ẹni ìjọba ló sì jókòó sókè yẹn pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. Mo di ìjókòó iwájú mi mú, mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé ewúrẹ́, Kátálì, ewúrẹ́.

Ó gbé orí sókè. Ó wo obìnrin náà lójú.

"Rárá," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì yára fi kún un pé, "Ẹ má bínú, Màmá."

Adájọ́ fi pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀. "Kò sí ohun tí mo fẹ́ bínú sí. Èdè wo ni?"

"Kanjobal."

Adájọ́ ní gbogbo ohun tó ti dáhùn tẹ́lẹ̀, òun pa á rẹ́. Wọ́n pe fóònù kan, wọ́n pe òmíràn, ó pẹ́ díẹ̀, ohùn ọkùnrin kan sì wá jáde láti ìlú tí mi ò mọ̀, ó kí i ní èdè wa bí a ṣe ń kí ọmọ ẹni ní òwúrọ̀. Kátálì bú sẹ́kún. Adájọ́ ti páálí ìnumú tirẹ̀ sí i, ó dúró títí ó fi nu ojú, kó tó tún bi í bóyá ó fẹ́ padà sílé.

"Rárá. Wọ́n á pa mí. Àyè ni mo fẹ́, kí n lè wá agbẹjọ́rò." Kò dúró mí láàárín ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n fún un láyè títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé Kanjobal ni èdè rẹ̀. Ó tún sọ ilé tuntun tó ń gbé fún wọn, kò dúró kí ẹnì kankan bi í. Ẹjọ́ kò tíì tán o. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tún dé iwájú adájọ́, ẹnu tirẹ̀ ni yóò fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

A jáde sínú yìnyín. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ mi kan ti sọnù. Fóònù rẹ̀ dún, Diego ni, ohùn rẹ̀ sì ń jáde síta.

"Báwo ló ṣe lọ? Ṣé o sọ Sípéènì bí mo ṣe ní kó o sọ?"

"Rárá, Bọ̀dá."

 Mo rò pé Diego ń wo fóònù bóyá nọ́ńbà ẹlòmíràn ló pè. Kátálì ní òun á ṣàlàyé fún un tí òun bá délé, ó sì pa fóònù náà.  Mo fà á mọ́ra.

"Kátálì," mo wí, "ṣé ewúrẹ́ ni ọ́?"

"Rárá, Màmá," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá fi yíjú wò wá.